Iṣu Tó Kún Ilé Àlùfáà

Iṣu kan wà lórí itan ìyá mi àgbà, ó sì ń fi oríkèé ìka kàn án bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó kàn án lórí, ó kàn án láàárín, ó kàn án nídìí, ó wá gbé etí sún mọ́ ọn. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá le, á gbé e sápá ọ̀tún. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀, á tì í sápá òsì, ìyẹn tiwa. Lẹ́yìn náà á gbé àwọn ti apá ọ̀tún sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbóòórùn wọn, á sì fi okùn pupa so wọ́n pọ̀. Erùpẹ̀ gbígbẹ àti eérú tí a fi pa orí iṣu ni ilé wa máa ń rùn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, torí pé ọjọ́ Sátidé ni iṣu àlùfáà máa ń lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Abúlé wa kò jìnnà sí Kàbà, òkè sì sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji rẹ̀ fi máa ń bo àgbàlá wa kí oòrùn tó wọ̀. Olùkọ́ ni àwọn òbí mi ní Ògìdì, ọmọ wọn pọ̀ ju yàrá wọn lọ, wọ́n bá gbé mi fún ìyá tó bí ìyá mi. Ìyé ni mò ń pè é, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é, torí bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Opó ni, àgbẹ̀ ni, òun náà sì ni olórí àwọn obìnrin ìjọ. Mi ò mọ èyí tó fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ti opó.

Nínú oko rẹ̀, ìlà ebè méjì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ti àlùfáà ni. Kò sí àmì kankan lára wọn, síbẹ̀ kò sí ọmọ ilé tí kò mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni èbù tó dára jù ń lọ, ibẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń ro, ibẹ̀ náà la kọ́kọ́ ń wà nígbà tí iṣu bá ta. Iṣu tí ọkọ́ bá ṣá, bí ojú ọgbẹ́ náà kò tilẹ̀ ju èékánná lọ, kò lè dé ilé àlùfáà. Nígbà kan mo ṣèèṣì gé ọ̀kan, mo fi erùpẹ̀ pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dé, mo sì gbé e sáàárín àwọn tó kù. Ìyé yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run náà lo fẹ́ fi erùpẹ̀ tàn jẹ ni, àbí èmi nìkan?" Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jẹ iṣu náà.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ló ń ṣe é. Ilé mẹ́ta mẹ́ta ló ń gbé iṣu lọ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, Ìyé ló sì ń pín in, ṣùgbọ́n tiwa kì í yẹ̀ lọ́sẹ̀ kankan. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, gbogbo ohun rere tó bá wà lọ́wọ́ wa, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú Bíbélì rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti sọ etí ojú ewé náà di dúdú.

Ìlànà mìíràn wà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rí. Ẹrù tí a bá gbé lọ sí ilé míṣọ́ọ̀nù, níbi tí àlùfáà ń gbé, orí pèpéle iwájú ilé ló ń dúró sí. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó kúnlẹ̀, àlùfáà á jáde wá súre fún wa, a ó sì gbọ̀nà ilé. Ẹnikẹ́ni kì í yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Àfojúdi ni lójú àwọn àgbà, kí ọmọ ìjọ máa yẹ inú ìkòkò òjíṣẹ́ Ọlọ́run wò. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo wa kà á sí, èmi náà kà á sí ọ̀wọ̀.

Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú. Orúnkún kò jẹ́ kó lè lọ sóko mọ́. Nígbà tí Sátidé kàn án, ọṣẹ ló wé sínú ewé, ó fi ìgò epo pupa kan tì í, ó sì ń bọ̀. A pàdé rẹ̀ lọ́nà ilé míṣọ́ọ̀nù, àwa àti àwọn obìnrin tó gbé iṣu dání. Ìyé tú ewé náà wò, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọṣẹ kẹ̀? Ṣé ká sọ fún àlùfáà pé ó dọ̀tí ni?"

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyé ní kó mú sùúrù títí yóò fi rí iṣu, pé a kì í fi nǹkan ilé ìwẹ̀ kí èèyàn ńlá. Ìyá ọlọ́ṣẹ wé ewé rẹ̀ padà, ó gba ọ̀nà tó gbà wá, ó ń tiro lọ. Láti ọjọ́ náà, a ò rí i mọ́ ní Sátidé. N kò gbọ́dọ̀ parọ́ mọ́ Ìyé: kò ní ìkà nínú. Ó kàn dá a lójú pé ohun tó dára lójú òun ló dára lójú Ọlọ́run náà.

Àlùfáà tó wà lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà kéré lọ́jọ́ orí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kò ga, àfi tó bá ń kọrin. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Nílé ìwé, ẹnu lásán ni mo fi ń tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ mi, olùkọ́ kò sì mọ̀. Àlùfáà mọ̀ lọ́jọ́ kìíní tó gbé ìwé orin lé mi lọ́wọ́. Kò pariwo mi. Ó ní kí n máa wá lẹ́yìn ilé ìwé, abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni a sì ń jókòó sí, tí ìka rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀, tí tèmi ń tẹ̀ lé e. Ó mú ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ kan wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, wọn ò lóko, wọn ò lẹ́bí nítòsí, owó oṣù tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí i láti olú ìjọ máa ń pẹ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sọ́ńdè, tó bá di àkókò ìfilọ̀, Ìyé á dìde, á tún gèlè rẹ̀ ṣe, á ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Àlùfáà tiwa kò mọ ebi." Àlùfáà á tẹrí ba, ìjọ á ṣe àmín.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń parí lọ, òjò kan ṣoṣo ti rọ̀, nígbà tí Ìyé rán mi sí ilé míṣọ́ọ̀nù lọ́jọ́rú kan kí n lọ béèrè àkókò tí ìpàdé àwọn obìnrin máa bẹ̀rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn iwájú, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn ilé. Ọmọdé ni mí, mo gbàgbé ìlànà, mo bá yípo.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ó kan, ó sì tún dùn díẹ̀, bí ọtí tó ti ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ agbè. Ilẹ̀kùn yàrá tó kángun sí ilé ìdáná ṣí sílẹ̀. Iṣu kún un láti ilẹ̀ títí dé ojú fèrèsé. Àwọn kan ti hù, ọwọ́ wọn tó funfun ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri lára ògiri. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti rà, omi dúdú ń jò lábẹ́ wọn. Mo rí tiwa níbẹ̀, okùn pupa Ìyé ṣì wà lára wọn.

Ìyàwó àlùfáà jókòó lórí àpótí, ó ń fi ewé ìbẹ́pẹ fọ aṣọ ọmọ. Ó ń ra ewé náà mọ́ aṣọ, ìwọ̀nba ìfófòó aláwọ̀ ewé sì ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Ó dìde fìrì nígbà tó rí mi. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí èèyàn ni, kò jẹ́ kí n padà láìjẹun. Ó gbé iṣu sísè fún mi nínú abọ́. Mo dúró kó gbé ọbẹ̀ wá, kò gbé nǹkan kan wá. Mo bu iṣu náà sẹ́nu, kò ní iyọ̀.

Àpò kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ti dì í, ìbora ọmọ wà lórí rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń lọ sí ìrìn àjò.

Ó wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ bá àwọn èèyàn mi. Bàbá ọmọ yìí náà ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíràn. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ọmọ mi. Àwọn èèyàn yín ṣe dáadáa fún wa, a ò fẹ́ kí wọ́n pè wá ní aláìmoore."

"Kí ló dé tí ẹ ò tà lára iṣu yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ni mo fẹ́ tà á fún? Àwọn tó fún wa ló ń ta iṣu lọ́jà. Kí ọjà tó tú, gbogbo ìlú á ti gbọ́ pé àlùfáà ń ta ọrẹ."

Ọ̀nà ilé gùn lójú mi lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kọ́ mi níwèé ń lọ, wọ́n sì ní n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Mo bá Ìyé nínú àgbàlá, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìbéèrè kan ló máa ń bi mí tí mo bá ti ilé ẹlòmíràn dé, torí ó gbà pé oúnjẹ la fi ń mọ ilé.

"Kí ni wọ́n fún ọ jẹ?"

"Iṣu."

"Pẹ̀lú kí ni?"

Mo wo ilẹ̀. "Pẹ̀lú iṣu, Ìyé."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fà mí sọ́dọ̀, ó fi imú kan èjìká aṣọ mi, ó gbóòórùn rẹ̀ bó ṣe máa ń gbóòórùn iṣu ní àárọ̀ Sátidé. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo bú sẹ́kún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, àpò, ewé ìbẹ́pẹ, ọjọ́ Ajé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ́wọ́, a gbọ̀nà ilé míṣọ́ọ̀nù. Kò gbé nǹkan kan dání, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó ń rìn lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Ó dé ibi pèpéle, ó dúró díẹ̀, ó yípo lọ sẹ́yìn. Ó wọ ilé ìdáná. Ó ṣí ìkòkò. Ó ṣí agolo iyọ̀. Ó gbé ìgò epo, ó dojú rẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́, kò sí ohun tó kán. Ó wo yàrá iṣu fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí àpótí.

Ìyàwó àlùfáà kúnlẹ̀. "Ìyé, ẹ má bínú."

"Dìde. Èmi ló yẹ kó wà nílẹ̀." Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo gbọ́ pé ọjọ́ Ajé lò ń lọ. Jọ̀ọ́, dúró dè mí di Sọ́ńdè. Tí mi ò bá tún un ṣe, èmi fúnra mi ni n ó gbé àpò rẹ dé gáréèjì."

Bí a ṣe ń padà, a kọjá odò. Níbẹ̀ ló ti sọ ọ́, kì í tiẹ̀ ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́. "Gbogbo ohun rere ni mò ń kà. Iṣu nìkan ni mò ń rí."

Nígbà tí Sátidé dé, kò kan iṣu. Ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ ni a lọ. Eérú àti àdín ń rùn láti ìta, obìnrin náà sì ń ro ìkòkò rẹ̀ lórí iná. "Òkun o," ni Ìyé kí i, bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa. "Òkun," lòun náà dáhùn, kò gbójú sókè. Ìyé kúnlẹ̀ sínú eérú. Yàtọ̀ sí nígbà àdúrà, mi ò rí i kó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyá ọlọ́ṣẹ sì kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Ọṣẹ tí mo dá padà, òun gan-an ni wọ́n ń wá."

Ìyá ọlọ́ṣẹ gbé igi tó fi ń ro ọṣẹ sílẹ̀. "Ẹ dìde, Ìyé. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún mi." Ìyé dìde. Obìnrin náà nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó wá wò ó lójú. "Ṣùgbọ́n níwájú èèyàn lẹ ti dá mi padà. Kọ̀rọ̀ lẹ wá ń bẹ̀ mí."

Mo rò pé Ìyé máa bínú. Ó gbọn eérú kúrò ní orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, kí o mú ọṣẹ náà dání." Ìyá ọlọ́ṣẹ kò sọ pé òun á wá, kò sì sọ pé òun ò ní wá.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mò ń bojú wẹ̀yìn láti ìgbà orin àkọ́kọ́. Ìyá ọlọ́ṣẹ wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, n kò sì rí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó di àkókò ìfilọ̀, Ìyé dìde, kò tún gèlè ṣe. Àlùfáà ti tẹrí ba sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ fún yín pé àlùfáà wa kò mọ ebi. Irọ́ ni. Iṣu ni àlùfáà wa mọ̀. Mo dé inú ilé ìdáná rẹ̀. Kò sí iyọ̀, kò sí epo, kò sí ọṣẹ. Obìnrin tó pọnmọ yìí ń fi ewé ìbẹ́pẹ fọ aṣọ. Ẹnìkan láàárín wa ti gbé ọṣẹ àti epo bọ̀, èmi ni mo dá a padà lọ́nà, mo sì fi í rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó dáríjì mí níbi tí gbogbo yín wà."

Ó jáde sí àárín ìjọ, ó kọjú sẹ́yìn, ó sì kúnlẹ̀. Àlùfáà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ìyá ọlọ́ṣẹ jókòó síbi tó wà, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí fún Ìyé. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Ó dé ibi tí Ìyé wà, ọṣẹ nínú ewé ní ọwọ́ kan, ó na ọwọ́ kejì sí i.

"Ẹ dìde ká jọ gbé e fún un," ó ní. "Orúnkún àwa méjèèjì ò dára mọ́."

Ìjọ rẹ́rìn-ín, Ìyé náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n jọ gbé ọṣẹ náà lọ bá ìyàwó àlùfáà níbi tó jókòó sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo èèyàn gbà wọ ilé míṣọ́ọ̀nù: iyọ̀, epo, ẹja gbígbẹ, ata, kẹrosíìnì, ìṣáná. Àwọn ọkùnrin kó iṣu tó ti hù, wọ́n sì fi ṣe èbù sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé ilé ìdáná lọ́jọ́ Ajé, àpò yẹn wà lára ìṣó, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí wọ́n rán mi. Àlùfáà gba ìwé tó kọ padà, wọ́n sì lo ọdún méje sí i lọ́dọ̀ wa. Ìwé tí mò ń kọ yìí, abẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹni tí Sátidé bá kàn, á kọ́kọ́ lọ sí ilé ìdáná yẹn láàárín ọ̀sẹ̀, á sì béèrè pé, "Kí ni kò sí?" Ìyàwó àlùfáà á dá a lóhùn láìtijú. Ìlà ebè méjì yẹn kò yí padà, Ìyé ṣì ń kan iṣu rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé e lọ láìfi ohun mìíràn tì í mọ́.

Ọdún púpọ̀ kọjá. Ìyé darúgbó, eyín rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Àlùfáà yẹn, tí wọ́n ti gbé lọ síbi tó jìnnà, wá kí i. Orí rẹ̀ ti funfun. A ti gbé àga sílẹ̀ fún un nínú pálọ̀, ó kí wa, ó sì kọjá lọ tààrà sí ilé ìdáná. Àwọn àbúrò mi rò pé ó ṣìnà ni. Èmi mọ̀ pé kò ṣìnà, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, torí mo mọ ohun tó máa bá níbẹ̀. Iṣu ni. Gbogbo ẹni tó ń wá kí Ìyé ló ń gbé iṣu wá fún arúgbó tí kò léyín, èmi náà sì ti gbé márùn-ún láti Lọ́kọ́ja wá, mo yan wọ́n dáadáa. Ó jáde láìsọ nǹkan kan. Ó padà wá pẹ̀lú ògì, mílíìkì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀, ó sì jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ.

"Ta ló kọ́ ọ báyìí?" Ìyé bi í.

"Ẹ̀yin ni, Ìyé."

Ó rẹ́rìn-ín, ògì sì kán sí àgbọ̀n rẹ̀. Kí ìkórè tó ń bọ̀ tó dé, Ìyé ti papò dà.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé àlùfáà tuntun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ ní Lọ́kọ́ja. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyàwó rẹ̀ kéré, ó ta gìrì, ó ń wá gèlè tí yóò wé. Mo ní, "Kí ni kò sí?" Ó ní, "Kò sí nǹkan tí kò sí, Mà. Ẹ ṣeun." Mo mọ ìdáhùn yẹn dáadáa. Mo wá àpótí kan, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Ìyé fún un, iṣu, àpò, ọṣẹ, títí mo fi dé ibi tó ti kúnlẹ̀ láàárín ìjọ.

Ẹni tó bá lóko lè kọ́ ọmọ láti fúnni. Èyí tí mò ń dúpẹ́ lé lórí jù ni pé Ìyé mú mi dání lọ́jọ́ tó lọ wo àṣìṣe ara rẹ̀, kò fi mí sílé. Títí di òní, kí n tó gbé nǹkan fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń gbọ́ orúnkún rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ìyàwó àlùfáà tuntun náà gbọ́ ìtàn náà tán, ó wo agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Iyọ̀, Mà," ó ní. "Iyọ̀ ni kò sí."